Koríko Tí Ìjì Kò Rí Pa

“Ṣé koríko lásán lẹ̀ ń bẹ̀rù báyìí ní ìlú yín?”

Alberte ló béèrè bẹ́ẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè iyanrìn náà, ó fi abíyá gbá pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ra. Malthe, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pákó tirẹ̀. Ọmọ ìlú ńlá Copenhagen ni àwọn méjèèjì. Wọ́n bá àwọn òbí wọn wá lo ìsinmi ìgbà ooru ní ilé pupa tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà.

“Kì í ṣe pé à ń bẹ̀rù rẹ̀,” Silje dáhùn. “A kì í gun òkè láti ibí ni. Ọ̀nà onípákó wà lọ́hùn-ún.”

“Ọ̀nà àwọn arúgbó nìyẹn,” Malthe sọ. “Ìwọ ṣáà jẹ́ ká mọ̀ bóyá ò ń bọ̀ tàbí o ò bọ̀. A ò ní bẹ̀ ọ́ o.”

Silje bojú wẹ̀yìn. Òkun nìkan ló wà níbẹ̀, àti àwọn ẹyẹ funfun tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹja kan. Ilé bàbá rẹ̀ àgbà wà lódìkejì òkè náà, ní ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, kò sì sẹ́ni tó lè ti ibẹ̀ rí wọn. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó padà sílé. Ṣùgbọ́n ó rí i pé Alberte ti fẹ́ yíjú kúrò lọ́dọ̀ òun, ẹ̀rù sì bà á ju bí koríko ṣe lè bà á lẹ́rù lọ.

“Mò ń bọ̀,” ló wí.

Ká má parọ́, Silje mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ọmọ kankan ní Klitvig, ìlú kékeré etíkun wọn, tó mọ̀ nípa òkè náà tó o, nítorí pé kò sí ọmọ mìíràn ní Klitvig rárá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Silje. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà ti kógbá sílé tipẹ́, bọ́ọ̀sì ló sì ń gbé e lọ sí èyí tó wà láàárín ilẹ̀ oko, tó jìnnà sí òkun. Nínú bọ́ọ̀sì ọ̀hún, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ àgbẹ̀ máa ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé àpò ìwé ni wọ́n gbé sórí àga rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun ńlá kan, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń wálé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé etíkun náà, ti àwọn ará ìlú ńlá ni, àgádágodo ló sì ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn láti ìgbà tí òtútù bá ti dé títí ooru yóò fi padà. Bàbá àgbà ni ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún Silje láti bá sọ̀rọ̀, bàbá àgbà náà kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń mú kí ọkùnrin arúgbó náà sọ̀rọ̀ dáadáa ni koríko orí òkè. Láti kékeré Silje ló ti ń fà á lọ́wọ́ gun ọ̀nà onípákó lọ wò ó. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fẹ́, yóò ja ewé kan, yóò sì fi hàn án bó ṣe ká ara rẹ̀ sínú bí ẹní, kí omi tó wà lára rẹ̀ má bàa gbẹ.

“Ṣó o rí ọlọ́gbọ́n?” yóò wí. “Iyọ̀ òkun ń fọ́n sí i lójú, kò kú. Oòrùn ń yan án, kò kú. Iyanrìn wá bò ó mọ́lẹ̀. Koríko mìíràn á ti kú, àbí? Èyí á na ọrùn, á yọ sókè, á tún ta gbòǹgbò tuntun sínú iyanrìn tó sin ín. Tún un sin, á tún yọ. Bí iyanrìn tuntun ò bá tiẹ̀ bò ó mọ́, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń rù. Gbòǹgbò yẹn ló rán òkè yìí pọ̀ bí òwú ṣe ń rán aṣọ. Ìjì kò rí i pa, Silje. Bàtà ló ń pa á. Bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ léraléra, ó tán nìyẹn.”

Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní Klitvig ló ní apá tirẹ̀ lára òkè náà, láti ayé àwọn baba ńlá wọn wá. Bí ìjì bá ti rọlẹ̀, onílé á gun apá tirẹ̀, á wò ó, á gbin koríko síbi tó bá lanu. Ẹnikẹ́ni kì í gun apá ẹlòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ẹni tó bá lọ yẹ apá aládùúgbò rẹ̀ wò, ó dà bí ẹni tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ onílé wò kí wọ́n tó fún un ní oúnjẹ ni. Nítorí náà, ojú bàbá àgbà nìkan ló ń ṣọ́ apá Thorvald, bí wọ́n ṣe ń pe apá tiwọn. Látìgbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nígbà òtútù tó kọjá, kò lè gòkè mọ́. Ojú Silje ló kù.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ koríko nìkan. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí Kirsten, ẹ̀gbọ́n ìyá Silje, máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù láti ìlú Aalborg.

“Bàbá, ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ mi níbí. Silje á máa gbé lọ́dọ̀ mi.”

“Òkè mi ṣì dúró,” bàbá àgbà á dáhùn. “Ọjọ́ tí iyanrìn bá wọ yàrá mi, kó o wá gbé mi.”

Lẹ́yìn náà, yóò gbé fóònù sílẹ̀, yóò sì yíjú sí Silje. “Ṣé òkè wa dára?”

“Ó dára, Bàbá.”

Òtítọ́ ni, títí di ìgbà ooru yẹn.

Ìgbà ooru ọ̀hún dùn, mi ò ní fi bò. Ojoojúmọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gun òkè láti ẹ̀gbẹ́ òkun, tí wọ́n ń jókòó sórí pákó, tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Alberte di irun Silje, ó sọ ọ́ ní Ọba Iyanrìn. Ó ní, “Ìgbà òtútù, wàá wá sílé wa ní Copenhagen. Wàá sùn ní yàrá mi.” Silje ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí àwọn èèyàn etíkun ń wò wọ́n jù, Malthe rí ihò kan ní ìhà àríwá, lẹ́yìn góńgó kékeré kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí i láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ di yàrá wọn. Wọ́n fa koríko tu tìdítìdí kí wọ́n lè rí ibi tẹ́ ẹní sí, wọ́n sì fi èyí tó gbẹ dáná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Malthe fà á tu, Silje gbọ́ bí gbòǹgbò náà ṣe ń já, inú rẹ̀ bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òun náà bá wọn fà á.

“Ṣé òkè wa dára?”

“Ó dára, Bàbá.”

Irọ́ àkọ́kọ́ ló wúwo. Àwọn tó tẹ̀ lé e fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Nígbà tó yá, ooru tán, ọkọ̀ àwọn ará ilé pupa lọ, wọ́n ti fèrèsé pa. Silje fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Alberte lọ́jọ́ náà gan-an. Àwòrán ológbò kan ló fi dá a lóhùn. Silje fi òmíràn ránṣẹ́, òmíràn tún tẹ̀ lé e, kò rí èsì. Ó ń gbé fóònù lé abẹ́ ìrọ̀rí, ó ń jí wò ó. Ó ti mọ bí ìdánìkanwà ṣe rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtẹ̀yìnwá kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Èyí ní orúkọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn ún.

Ó wá gun òkè lọ ní òun nìkan. Ojú ọ̀nà funfun kan là láti góńgó dé ìsàlẹ̀, ó fẹ̀ tó ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gbà. Nínú ihò ìhà àríwá, gbòǹgbò ń fì nínú afẹ́fẹ́ bí òwú tó tú lẹ́tí aṣọ. Silje hú koríko díẹ̀ níbòmíràn, ó rì í bọ inú iyanrìn gbígbẹ, ó sì lọ. Nígbà tó padà wá, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ó yẹ kó lọ bá Àǹtí Birgit, obìnrin tí ìlú yàn láti máa bójú tó òkè. Ìrìn kékeré ni láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò lọ, nítorí pé ẹni tó bá lọ sọ pé òkè ti lanu, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó là á.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Silje kò tiẹ̀ lọ jìnnà. Bí ewé ti ń wọ́, ìjì ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ní ọjọ́ Sátidé kan. Láàárọ̀ ni, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì dúdú àti ẹja yíyan lọ́wọ́. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kan gíláàsì fèrèsé, ó ń dún bí òjò wínníwínní. Bàbá àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ń tẹ́tí.

“Iyanrìn wa nìyí,” ó wí. “Apá tiwa ló ti ń wá.”

“Bóyá láti etíkun ni, Bàbá.”

Bàbá àgbà wò ó, ó sì tún yíjú sí fèrèsé.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀, iyanrìn ti bo ọgbà pòtétò, ó sì ti dé ìlàjì ilẹ̀kùn ahéré tí bàbá àgbà ti ń yan ẹja. Àwọn aládùúgbò ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, tàwọn ti ṣọ́bìrì. Kálukú ń wọ́ igi Kérésìmesì ọdún tó kọjá lẹ́yìn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í sun igi Kérésìmesì ní Klitvig. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ̀ka rẹ̀ ló máa ń gba iyanrìn dúró níbi tí òkè bá lanu, títí wọn yóò fi gbin koríko síbẹ̀.

Àǹtí Birgit ló ṣáájú wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Bàbá Thorvald, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè gun apá yín?”

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá àgbà, ẹni tó bá ń wojú rẹ̀ á mọ̀. Ó mi orí pé kí wọ́n gùn ún. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà onípákó, ó sì jókòó síbẹ̀ nínú ẹ̀wù òjò, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

Àwọn èèyàn dé òkè, wọ́n rí ojú ọ̀nà funfun yẹn. Poul, apẹja tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, figbe ta.

“Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àlejò ìgbà ooru! Ẹ wò ó! Ṣé òkè là ń pè ní ibi ìṣeré?”

“Ọmọ ọmọ mi ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́,” bàbá àgbà pariwo láti ìsàlẹ̀. “Ìjì yìí ló le. Ẹ má dá ọmọ náà lẹ́bi.”

Gbogbo ara Silje gbóná nínú òtútù yẹn. Ì bá sàn fún un kí wọ́n gbá a létí.

“Rédíò ní afẹ́fẹ́ á yí sí àríwá ìwọ̀-oòrùn lọ́sàn-án yìí,” Àǹtí Birgit sọ. “Ẹ kó gbogbo igi síbí. Gbogbo ẹ̀! Ẹ má ṣẹ́ ọ̀kan kù.”

Silje di ẹ̀ka igi kan mú, kò sì lè sún. Àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ibẹ̀ gan-an ni ihò wọn kọjú sí. Ẹnikẹ́ni kò lè rí i láti ibi tí wọ́n dúró sí, góńgó kékeré yẹn bò ó. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, inú ihò yẹn ni yóò gbà wọlé, orí ilé ni iyanrìn yóò sì dà sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí ti lanu o, Silje nìkan ló sì mọ ibẹ̀. Bó bá dákẹ́, ìjì ni wọ́n á dá lẹ́bi, àti àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà á kúrò nílé tí wọ́n bí i sí.

“Ó kù ibì kan,” ó wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ.

“Ó kù ibì kan! Ihò kan wà lẹ́yìn góńgó yẹn. Àwa la fa koríko ibẹ̀ tu. Èmi àti àwọn ará ilé pupa. Ojú ọ̀nà yìí náà, àwa la fi pákó yọ̀ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ látìgbà ooru. Irọ́ ni mò ń pa fún Bàbá.”

Poul ju ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. “O mọ̀! Ìwọ ọmọ yìí! Ilé bàbá rẹ àgbà lò ń wó lé e lórí yẹn, o sì ń bá a jẹun lórí tábìlì kan náà? Ṣé orí rẹ pé?”

“Poul, afẹ́fẹ́ ò ní dúró dè wá,” Àǹtí Birgit dá a lẹ́kun. “Tó bá dọ̀la, kó o bú u dáadáa, èmi náà á bá ọ bú u. Silje, níbo? Sáré, fi hàn wá.”

Wọ́n pín igi sí ọ̀nà méjì, apá kan fún ojú ọ̀nà funfun, apá kan fún ihò. Silje wọ́ wọn títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó bojú wo ìsàlẹ̀, àga bàbá àgbà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti kọ ẹ̀yìn sí òkè.

Afẹ́fẹ́ yí lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí rédíò ṣe wí. Ó fẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ahéré ẹja rì mọ́lẹ̀ títí dé òrùlé, ọgbà pòtétò sì lọ pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn igi inú ihò náà gba iyanrìn mọ́ra, ilé sì dúró.

Àǹtí Kirsten wá pẹ̀lú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá gbé bàbá rẹ̀. “Iyanrìn ò wọ yàrá mi,” bàbá àgbà sọ fún un, ó sì bu kọfí fún un. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Àǹtí Birgit tó bá wọn jókòó. “Láti òní lọ, jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o máa bá mi yẹ apá mi wò.”

Silje wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Látìgbà tí baba baba ńlá wọn ti tẹ ìlú náà dó, ojú ẹlòmíràn kò ṣọ́ apá Thorvald rí.

Ìgbà òtútù yẹn gùn. Bàbá àgbà kò bú u, ì bá tiẹ̀ bú u. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń na búrẹ́dì sí i, ó ń kí i pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí Silje bá wí pé òjò ń bọ̀, bàbá àgbà á dìde, á fi ọ̀pá rìn lọ sí ojú fèrèsé, á lọ wo òjò náà fúnra rẹ̀. Silje á wá tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà, àwọn méjèèjì dá wà.

Nígbà tí yìnyín yọ́, tí ilẹ̀ sì tutù dáadáa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko. Silje kò dúró kí wọ́n pè é. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, òkè ló ń lọ tààrà. Àǹtí Birgit fi bí wọ́n ṣe ń gbìn ín hàn án, láìkẹ́ ẹ.

“Jìn sí i. Jìn sí i, mo ní! Ojú ilẹ̀ á gbẹ kí gbòǹgbò tó mú. O fẹ́ tún wá gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀ ni?”

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọdún Àjíǹde ti ń sún mọ́, fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Alberte ni.

“Ọba Iyanrìn! À ń bọ̀ lọ́dún! Mo mú ọ̀rẹ́ méjì dání. Ṣé a máa fi pákó yọ̀ wálẹ̀?”

Ọkàn Silje fò sókè. Bẹ́ẹ̀ ni o, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ fò, ojú sì tì í pé ó fò. Ó nu iyanrìn ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: “Ẹ káàbọ̀. A ò gbọ́dọ̀ yọ̀ mọ́, ó ba òkè jẹ́, ó fẹ́ẹ̀ wó ilé wa. Ẹ má mú pákó wá. Ẹ mú ṣọ́bìrì wá, ká jọ gbin koríko.” Ó fi ránṣẹ́ kó tó lè rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Fóònù fi hàn án pé Alberte ti kà á. Silje dúró, ó ń wò ó, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀ bo ojú. Èsì kò dé. Èsì náà kò dé títí di òní.

Ó sunkún níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Ó dùn ún gan-an, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ṣíṣe ohun tó tọ́ kì í dunni. Àǹtí Birgit rí i, ó gbé ìdì koríko mìíràn síwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, Silje tún gbá ṣọ́bìrì mú.

Koríko yẹn á pẹ́ kó tó lè gba iyanrìn dúró. Ìgbẹ́kẹ̀lé bàbá àgbà náà á pẹ́, Silje sì mọ̀ pé ó lè pẹ́ ju koríko lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìdánìkanwà le, ṣùgbọ́n èèyàn lè là á já. Ẹni tó bá fi odi ilé rẹ̀ ra ọ̀rẹ́, bí ìjì bá dé, ọ̀rẹ́ á wọ ọkọ̀ lọ sílé tirẹ̀, òun ni yóò sì kù níwájú afẹ́fẹ́.